Àánú Tí Wọ́n Fi Polówó Bàbá Mi

Títí di òní, bí mo bá rí fídíò arúgbó lórí fóònù, tí orin arò ń lọ lábẹ́ rẹ̀, mi ò kì í wò ó dé òpin. Inú á ti bí mi kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Mo sì ní ìdí tó fi ń bí mi.

Ahunṣọ ni bàbá mi, ní Ìsẹ́yìn níbí. Ìdí òfì ló ti tọ́ àwa ọmọ rẹ̀, ibẹ̀ ló ti kọ́lé, ibẹ̀ náà ló ti rówó rán mi nílé ìwé tí mo fi di olùkọ́. Nǹkan kan wà tó fi ń yangàn ju ilé náà lọ: ìdílé ìyá kan ní Ṣakí, ọ̀gá-ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Gbogbo ọmọ tí ìyá náà ti fà fọ́kọ, aṣọ òkè tí bàbá mi hun ni wọ́n fi ṣe é. Ó wá ku àbíkẹ́yìn. Bàbá ti ń retí pé kí wọ́n sọ àwọ̀ tí wọ́n fẹ́.

Èmi ni mo ń bá a gbé àwòrán aṣọ sórí ayélujára. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, màá tẹ́ aṣọ sórí àga, màá yà á, màá kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn ń pè láti Ìbàdàn àti Abùjá, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọjà yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan ní Ìbàdàn, tó jẹ́ pé kó máa báni polówó ọjà lórí fóònù ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń tẹ̀lé e níbẹ̀ pọ̀ bí eṣú. Mo sanwó fún un o. N ò tọrọ.

Ọjọ́ tó máa wá, mo ti lọ agbádá sányán bàbá, mo tẹ́ ẹ sórí ibùsùn. Nígbà tí obìnrin náà dé tó rí i, ó mirí.

"Rárá, àǹtí. Ẹ jẹ́ kí bàbá wà bí wọ́n ṣe máa ń wà. Ojúlówó làwọn èèyàn ń fẹ́."

Bàbá bá jókòó sídìí òfì bó ṣe máa ń jókòó: síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti ya léjìká, ṣòkòtò tó ti ṣá, ẹsẹ̀ lásán. Kò sí ẹni tí wọ́n bí nídìí òfì tí kò mọ̀ pé aṣọ tó gbó jù nínú àpótí ni ti iṣẹ́. Apá aṣọ a máa kọ́ òwú, ẹsẹ̀ lásán la sì fi ń tẹ ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀. Bí ahunṣọ bá múra dé ìdí òfì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní kò fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà ni. Ìdí iṣẹ́ ẹni la kúkú ti ń mọ ni lọ́lẹ.

Nígbà tó di ọ̀sán, a gbé iṣu sísun àti epo fún un. Iṣu tuntun ni, ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e wá láti Ilérò, kò sì sí oúnjẹ tí bàbá mi fẹ́ràn jù ú lọ. Ó ní, "Ọmọ mi, wá bá mi jẹun." Obìnrin náà ní òun ti yó, ó wá gbé fóònù sún mọ́ ọwọ́ rẹ̀ tí epo wà. Mo rò pé ọ̀yàyà bàbá ló fẹ́ fi han ayé.

Fídíò jáde. Orin arò ni wọ́n fi sábẹ́ rẹ̀. A ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí aṣọ. Ohun tí obìnrin náà kọ síbẹ̀ ni pé bàbá arúgbó yìí ò lólùrànlọ́wọ́, pé iṣu lásán ló ń jẹ, pé kí àwọn èèyàn ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí Ọlọ́run. Ilé tí bàbá mi kọ́ wà níbẹ̀ gbagidi lọ́jọ́ náà. Obìnrin náà kàn kẹ̀yìn sí i nígbà tó ń ya fídíò ni.

Mo pè é. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wo bó ṣe ń lọ káàkiri. Àánú ló ń tajà báyìí."

Mo ní, "Ọjà ni mo ní kó o bá mi polówó. Mi ò ní kó o bá bàbá mi ṣe báárà."

Ó ní kí n fara balẹ̀.

Lóòótọ́, ìpè ò dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ta ló ń béèrè aṣọ? Ẹnì kan fẹ́ fi ìrẹsì ránṣẹ́. Òmíràn bi mí bóyá bàbá ní ọmọ, èmi tí mo gbé fóònù! Nígbà tó yá, àwọn obìnrin kan wakọ̀ wá láti Ìbàdàn, wọ́n sọ àpò kan kalẹ̀ níwájú bàbá mi. Òkìrìkà ló wà nínú rẹ̀. Òkìrìkà, nílé ahunṣọ, ní Ìsẹ́yìn! Ká ní tinú mi ni, wọn ì bá gbé e padà. Bàbá fún wọn lómi, ó gba àpò náà, ó sì ṣàdúrà fún wọn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó mú ṣẹ́ẹ̀tì kan, ó fi ọwọ́ ra á wò.

"Òwú rẹ̀ ti kú," ló wí.

Ní ọjọ́ kejì, agbádá sányán náà ló wọ̀ lọ sídìí òfì. Ó ká apá rẹ̀ sí èjìká, ó ń já bọ́, ó tún ń ká a. Òwú ń já mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bọ́ ọ.

"Fi í sílẹ̀," ló wí. "Àlejò lè dé."

Àlejò dé lóòótọ́. Ilé ìwé ni mo wà nígbà tí obìnrin yẹn padà wá, kò sì sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, mo rí bàbá mi lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nínú síńgílẹ́ẹ̀tì àti nínú agbádá. Obìnrin náà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ wo bàbá wa lónìí. Àánú yín ló wọ̀ wọ́n láṣọ."

Agbádá tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun! Agbádá tó wọ̀ fà mí fọ́kọ! Mo pariwo mọ́ obìnrin náà lórí fóònù títí ohùn mi fi há. Ó yọ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n ó ti dé ibi tó máa dé.

Ìyá Ṣakí ló pè mí tẹ̀lé e. Inú wọn ń dùn. "Tíṣà, a bá yín dúpẹ́ o. A rí bàbá lórí fóònù, àwọn èèyàn ti ń tọ́jú wọn. A ò mọ̀ pé ó ti le tó bẹ́ẹ̀ fún wọn. A ò ní yọ wọ́n lẹ́nu mọ́. A ti gbé aṣọ àbíkẹ́yìn fún ahunṣọ mìíràn, kí bàbá lè sinmi."

Oore ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe.

Mo bá bàbá nídìí òfì. Kí n tó jókòó, ó ti ń béèrè bóyá àwọn ará Ṣakí ti mú àwọ̀. Mo sọ ọ́ fún un bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ó dá ọwọ́ dúró.

"Kí n sinmi?" ló wí. "Ta ló sọ fún wọn pé ó rẹ̀ mí?"