Lẹ́tà Aláìlámì Tí Mo Kọ sí Bàrígà

Fóònù mi dún láàárọ̀ àná níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí mo ra báàgì fún, ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Mama mo ti de ile iwe o. Baagi yen dara gan ni. Ope yin po." Kò sí àmì kan lókè, kò sí ọ̀kan nísàlẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi dà sí mi lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá wọlé bá mi nígbà yẹn á ní orí mi ti dàrú. Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi, kí n sọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín fún yín.

Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Bàrígà kò jìnnà sí ọ̀sà. Nígbà náà, iyanrìn ni gbogbo ojú ọ̀nà, bí atẹ́gùn bá sì fẹ́ láti orí omi, òórùn ẹja yíyan ni yóò kọ́kọ́ kí ọ kí èèyàn tó kí ọ. Ìyá mi, ará Ìjẹ̀bú, ń ránṣọ ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Yàrá tó kọjú sí tiwa ni Ìyá Orímisàn ń gbé, obìnrin Ìlàjẹ tó ń yan ẹja tà, ohùn rẹ̀ ga, ọwọ́ rẹ̀ sì le bí igi. Orímisàn ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ létí òkun, nítorí náà èmi ló ń bá wí, èmi náà ló ń fún ní orí ẹja tó bá sanra jù. Ìlàjẹ ló fi ń bú mi. Mi ò gbọ́ ju ìdajì lọ, ìdajì yẹn sì tó mi.

Lọ́jọ́ tí ìwé dé pé wọ́n gbà mí sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ilé wa kò gba ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbé àpótí wá. Àpótí wo? Ìyá mi ti ń fọ àpò ìyẹ̀fun kan, ó fẹ́ rán okùn sí i lẹ́nu. Ìyá Orímisàn dúró wò ó, ó wọlé. Ìgbà tó jáde, àpótí páànù aláwọ̀ ewé ló gbé lọ́wọ́, èyí tó gbé wá láti ilé nígbà tó ń lọ sílé ọkọ. Ó ti kó gbogbo aṣọ rẹ̀ dà sínú agbọ̀n ẹja.

"Aṣọ tèmi ti mọ òórùn ẹja tẹ́lẹ̀," ó wí. "Ìwọ ni kò gbọdọ̀ gbé àpò wọ ilé ẹ̀kọ́."

Bọ̀lẹ̀kájà tó gbé mi lọ kò jẹ́ kí n dúpẹ́ tán. Mo ń juwọ́, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo wá pinnu pé lẹ́tà ni n ó fi dúpẹ́ bó ṣe yẹ.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àpótí yẹn sọ mí lórúkọ. Ẹlẹ́ja ni wọ́n ń pè mí láti ọjọ́ kìíní. Mi ò bínú, torí bí mo bá ti ṣí i báyìí, ilé dé nìyẹn. Wọ́n ń kọ́ wa ní iṣẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kò sì sí ohun tó ń wú mi lórí tó o. Mo ní kí n fi ẹ̀rọ tẹ lẹ́tà mi, kí wọ́n lè mọ̀ nílé pé ojú ọmọ wọn ti là. Ẹ̀rọ òyìnbó náà kò ní àmì Yorùbá; bí mo bá ti fọwọ́ kọ ọ́ ni, n bá fi àmì sí i. Ṣùgbọ́n fáàrí kì í jẹ́ kí èèyàn ronú.

Ìgbà tí a gba ìsinmi, eré ni mo sá láti ojú títì dé ẹnu ọ̀nà wa, àpótí lórí. Mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Orímisàn nídìí ààrò rẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ilé o, Màmá." Ó yí ẹja rẹ̀ padà. Mo tún un kí. Ó tún yí òmíràn. Ẹni tí mo ti ń lá àlá pé n ó dì mọ́, kò tilẹ̀ wo ojú mi.

Ìyá mi fà mí sẹ́yìn. "Kí ló ṣe ọ́ tí o fi ní òpè ló pọ̀ nínú ilé yìí? Tí o tún ní Ìyá Orímisàn ni olórí òpè? Ẹni tó gbé àpótí fún ọ?"

Bọ̀dá Sùnmọ́nù ló ka lẹ́tà náà fún wọn, ọkùnrin tó ń to lẹ́tà òjé tí wọ́n fi ń tẹ ìwé jáde níbi ìtẹ̀wé kan ní Bajúláyé, tó sì jẹ́ pé òun ló ń ka ìwé fún gbogbo àdúgbò. Wọ́n ní bó ṣe dé ibi olórí òpè ni Ìyá Orímisàn dìde, kò dúró gbọ́ ìyókù.

Mo sunkún, mo ṣàlàyé, àlàyé ò wọ ẹnikẹ́ni létí. Ìgbà yẹn ni Ìyá Orímisàn fọ ọwọ́, ó tú etí ìró rẹ̀, ó sì yọ bébà kan tó ti rún, tó ti mu epo ẹja. Lẹ́tà mi ni.

"Oṣù méjì ni mo ti ń so ó mọ́ra," ó wí jẹ́jẹ́. "Mo ní ọmọ tí mo mọ̀ kò lè wí báyìí. Kà á. Ẹnu rẹ ni mo fẹ́ gbọ́."

Mo kà á: "Ẹ̀yin ará ilé wa, ọpẹ́ yín pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ìyá Orímisàn ni olórí ọpẹ́ mi. Òórùn ẹja kò tíì kúrò nínú àpótí yín, mi ò sì fẹ́ kó kúrò, torí òun ni mo fi ń rántí ilé."

Gbogbo ojú yí sí Bọ̀dá Sùnmọ́nù, ó ń họ orí. "Bí mo ṣe rí i ni mo ṣe kà á," ó wí. "Iṣẹ́ tèmi ni kí n rí lẹ́tà. Kì í ṣe kí n mọ ohun tó ń wí."

"Sùnmọ́nù," Ìyá Orímisàn ní, "ìwọ gan-an lòpè tí ìwé ń wí." Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Ó fà mí mọ́ra, èéfín àti ẹja àti gbogbo rẹ̀, ó ní, "Tún un kà." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á kó tó jẹ́ kí n jẹun. Láti ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Olórí Òpè, orúkọ tí gbogbo ilé fi ń pè é nìyẹn títí ó fi kó padà sí etí òkun.

Ààrò yẹn kò sí mọ́. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà níbẹ̀ báyìí, iyanrìn ti di ọ̀dà. Ẹ̀yin ọmọ òde òní sì ń dúpẹ́ kíákíá, kí bọ́ọ̀sì tó gbéra ni ọpẹ́ yín ti dé. Ó dára bẹ́ẹ̀, èmi ni mo fi oṣù méjì pẹ́. Ṣùgbọ́n àpótí páànù yẹn ṣì wà lábẹ́ ibùsùn mi, òórùn rẹ̀ ti lọ, tàbí imú mi ló ti darúgbó.

Mo pe ọmọ náà padà lórí fóònù láàárọ̀ àná yẹn. Mo ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ ka ohun tó kọ. Ó rò pé ojú ló ń dùn mí. Ó kà á: "Ọpẹ́ yín pọ̀, Màmá."

Mo ní, "Tún un kà." Ó tún un kà, omijé sì bọ́ lójú mi sórí ẹ̀wà. Oyè Olórí Òpè ti kàn mí.