Irun Kan Nínú Ẹ̀rọ

Wọ́n kọ́ wa pé Ọlọ́run mọ iye irun orí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó há sára kóòmù lẹ́yìn tí ẹni tó ni ín ti kú ńkọ́? Ṣé Ó ṣì ń kà á? 

Ìyá Aláwò là ń pe obìnrin tó ń tọ́jú maikirosikóòpù elẹ́kítíróònù, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tíntín di ńlá lójú, ní yàrá ìsàlẹ̀ níbi iṣẹ́ wa. Yàrá náà ò ní fèrèsé. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti di ẹni àná, ibẹ̀ ló tún fẹ́ràn ju ilé lọ; ẹ̀rọ ń kùn níbẹ̀, kò sóhun tó ń kùn nílé.

Lọ́jọ́ tí kíláàsì báyọ́lọ́jì kan wá wo ẹ̀rọ náà, tíṣà ti ní kí wọ́n mú kòkòrò gbígbẹ dání. Èèrà tó ń sáré kiri nínú ìgò ni ọmọbìnrin kan gbé kalẹ̀.

“Gbígbẹ ni wọ́n ní kí o mú wá,” ni Ìyá Aláwò wí.

“Ó máa gbẹ tó bá yá, mà.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

“Afẹ́fẹ́ ò sí nínú ẹ̀rọ yìí, ọmọ mi. Ohun tó bá ń mí ò lè jáde níbẹ̀ láàyè.”

Ọmọ náà gbá ìgò mọ́yà. “Mi ò pa á o!”

Kò sí nǹkan mìíràn tó ti wà ní sẹpẹ́, àfi irun kan tí Ìyá Aláwò yọ lára kóòmù ọkọ rẹ̀, tó ti fi wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò kí ẹ̀rọ lè rí i dáadáa. Òun nìkan ló fẹ́ wò ó tí ilẹ̀ bá dá, bóyá á tún rí ọkọ rẹ̀ díẹ̀. Ó gbé e wọnú ẹ̀rọ bí ẹni gbé ẹyin.

“Háà! Ó rí págunpàgun bí ara ọ̀pẹ! Irun ta ni, mà?” ni àwọn ọmọ ń béèrè bó ṣe hàn lójú ẹ̀rọ.

“Ti ẹnì kan nílé mi.”

“Ẹ bá wa sọ fún wọn kí wọ́n máa fi òróró pa á, mà!”

Ìyá Aláwò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kẹ́yìn.

Àwọn ọmọ gbé èèrà wọn lọ. Ó jókòó, ó ń sọ irun náà di ńlá sí i. Bó ṣe ń sún mọ́ ọn tó ni ọkọ rẹ̀ ń jìnnà sí i. Níkẹyìn, wúrà tó fọwọ́ ara rẹ̀ fi bò ó nìkan ló kù lójú ẹ̀rọ.

Ó gòkè wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà tí mò ń ṣọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àti ọkọ mi lẹ jọ máa ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wá a dé ìsàlẹ̀, mi ò bá a níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó tì mí, kẹ́ ẹ bá mi fi irun yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀ kí n tó pa iná.”