Ẹsẹ̀ Mọ́tò Wà Lápò Bàbá Àyìndé

Ọmọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe ti pàtẹ sábẹ́ fèrèsé mi láti oṣù tó kọjá. Ọmọlúàbí ni, ó máa ń kí mi láàárọ̀, n kò sì lè lé e. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tó bá ṣí agolo kọ́ọ̀lù tó fi ń lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, òórùn yẹn á gòkè wá bá mi, mo sì ní láti fi iṣẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ mi rò pé orí ló ń fọ́ mi, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀. Àyìndé ni mo ń rántí.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, Akpakpa, àdúgbò wa ní Kùtọnu, ṣì jẹ́ iyanrìn àti igi àgbọn nígbà tí mò ń sọ yìí. Iyanrìn wà nínú bàtà, ó wà lórí ẹní, ó wà nínú ọbẹ̀. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹni tó bá ní òun gbé Akpakpa tí òun kò jẹ iyanrìn, irọ́ ló ń pa. Nàgó, Yorùbá ilẹ̀ Dàhòmì, ni gbogbo wa nínú ọgbà wa, kànga kan ṣoṣo la jọ ń fà, ìjà ibi kànga náà sì pọ̀ ju omi inú rẹ̀ lọ. Òmìnira kò tíì dé nígbà náà, ṣùgbọ́n gbogbo ẹnu ló ń sọ ọ́. Àsìkò yẹn ni wọ́n lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Àbíjáǹ. Àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ní àwa ará Dàhòmì ti gba gbogbo iṣẹ́ akọ̀wé tán, wọ́n dìde sí wọn, wọ́n fọ́ ilé, wọ́n kó ẹrù. Ọkọ̀ òkun ló kó wọn padà wálé.

Èbúté tí ẹ mọ̀ lónìí kò sí. Apẹ̀rẹ̀ ńlá kan ni ẹ̀rọ fi ń fa èèyàn láti inú ọkọ̀ ojú omi kékeré gun orí afárá onírin tó yọ sínú òkun. Inú apẹ̀rẹ̀ yẹn ni Ìyá Àyìndé àti ọmọ rẹ̀ bá dé Kùtọnu. Yàrá tó kọjú sí tiwa ni wọ́n fún wọn. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló wà lẹ́sẹ̀ obìnrin náà, kò sí èkejì. Ọmọ náà, tí kò ju ẹgbẹ́ mi lọ, di páálí kan mọ́ àyà bí ẹni di adìẹ tó fẹ́ fò mú. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kó tó jẹ́ kí n wo inú rẹ̀.

Mọ́tò kékeré kan ló wà níbẹ̀, dúdú, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ àgbà lọ, bẹ́ẹ̀ ó ní ìjókòó, ó ní ọwọ́ ìtọ́kọ̀, ó ní ẹ́ńjìnnì tí èèyàn lè ṣí ìdérí rẹ̀ wò. Àyìndé ṣàlàyé fún mi pé wọn kì í tò ó tà. Ike wẹ́wẹ́ ló máa ń wá nínú páálí, lára ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, bí èso lára ẹ̀ka. Ìwọ ni wàá fi abẹ́ fẹ́lẹ́ gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wàá dán ojú ibi tí o gé, wàá fi ẹyọ ìgbálẹ̀ tọ́ kọ́ọ̀lù sí i, wàá sì dì í mú láìmí títí tó fi máa lẹ̀. Akọ̀wé ni bàbá rẹ̀ ní Àbíjáǹ. Òyìnbó ọ̀gá rẹ̀ tó ń padà sílùú rẹ̀ ló fún un ní páálí náà. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá àti ọmọ á jókòó tì í, wọ́n á máa tò ó. Nígbà tó ku kìkì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bàbá náà, tó mọ ọmọ rẹ̀ ní aláìnísùúrù, kó wọn sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ó ní: "Dúró dè mí. Bí mo bá dé, a ó jọ fi ẹsẹ̀ sí i."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìjà bẹ́ sílẹ̀. Ìyá àti ọmọ sá lọ sí èbúté, wọ́n dúró láàárín èrò, wọ́n ń wo ojú gbogbo ọkùnrin tó ń bọ̀. Ọkọ̀ òkun gbéra láìsí i nínú rẹ̀.

Láti ìgbà náà, orí páálí ìṣáná méjì ni mọ́tò náà ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwọn ọmọkùnrin ọgbà wa ní mọ́tò tiwọn, agolo sàdíìnì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdérí ìgò. Wọ́n ń pe ti Àyìndé ní mọ́tò arọ. Nígbà tó yá, àánú ṣe wọ́n, wọ́n kó ìdérí ìgò wá fún un. Èsì kan náà ló máa ń fún wọn: "Ẹ ṣé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bọ̀. Ó wà lápò Pàpá mi."

Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò lè dúró. Nígbà tí kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi gbogbo nǹkan yòókù kún un. A máa ń lọ wo mọ́tò àwọn ọ̀gá ní Ganhi, níbi tí àwọn ilé ìtajà ńlá wà, a ó wò ó títí ẹni kan á fi lé wa, a ó sì sáré délé kí ohun tí a rí má baà fò lọ lórí wa. Òwú dúdú di wáyà ẹ́ńjìnnì. Bébà fàdákà inú páálí sìgá di iná iwájú. Orí abẹ́rẹ́ olórí di ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ewé ìpín tí wọ́n fi ń dán igbá la fi ń dán ara rẹ̀. Èmi ni mo rán aṣọ ìjókòó, nítorí Ìyá Àyìndé ti ń ránṣọ fún àwọn èèyàn, ó sì ń fún mi ní àjákù. Ìyá mi bi mí pé ọmọbìnrin wo ló ń ránṣọ fún mọ́tò dípò kó gúnyán. Mo ní mọ́tò kò kúkú ní í jẹ iyán. Mo jẹ ìfọ́tí nítorí ẹnu yẹn.

Ibì kan ṣoṣo ni Àyìndé kì í jẹ́ kí ewé ìpín dé. Lórí òrùlé mọ́tò náà, àmì àtàǹpàkò kan wà. Kọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ nígbà tó dì í mú, ike sì máa ń yọ́ níbi tí kọ́ọ̀lù bá kàn. Ìlà ọwọ́ ọkùnrin náà wọ inú rẹ̀, ó gbẹ síbẹ̀. Ìyá Àyìndé máa ń fi ìka tirẹ̀ lé e kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò wọ aṣọ opó. Níbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó ti wà rí, ó máa ń dìde kúrò níbẹ̀ ni.

Òmìnira dé. Ìyá Àyìndé rán àsíá fún iléèwé wa, àjákù rẹ̀ sì di àsíá kékeré níwájú mọ́tò, bíi ti ààrẹ. A jó, a kọrin títí ohùn wa fi há. Àyìndé kò kọrin, ojú èrò ló ń wò. Ó sọ fún mi pé irú ọjọ́ báyìí ni ẹni tó jìnnà máa ń padà wálé. Nígbà tí èrò túká, ó ká àsíá ọwọ́ rẹ̀, a sì forí lé ilé.

Nígbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n bàbá Àyìndé, tí a ń pè ní Bàbá Kétu, wọkọ̀ wá láti Kétu, ìlú wọn. Ó jókòó, ó gba omi, ó mu ún, ó ní àbúrò òun ń wá sójú àlá òun. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, òjò á máa pa á, wọ́n á ní kó wọlé, kò ní í wọlé. "Ìyàwó wa, a ti dúró tó. Ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀, irun àti èékánná rẹ̀ là ń gbé bọ̀ wálé, kó lè sùn lọ́dọ̀ àwọn bàbá rẹ̀. A kò rí irun, a kò rí èékánná. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà nìkan la lè sin." Gbogbo wa wo ojú fèrèsé.

Ìyá Àyìndé ní: "Bàbá, ta ló rí òkú rẹ̀?"

Ó dáhùn pé: "Ta ló rí i láàyè?"

Obìnrin náà fi ìró bojú. Ó ní ọmọ ló ni mọ́tò, kí wọ́n bi ọmọ. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: bí wọ́n bá sin mọ́tò yẹn, bàbá Àyìndé ti kú nìyẹn. Bí wọn kò bá sin ín, yóò máa dúró nínú òjò. Ọmọ iléèwé ni àwọn àgbà gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé lórí. Inú bí mi sí wọn lọ́jọ́ náà, ó sì ń bí mi títí dòní.

Àyìndé dọ̀bálẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun di àárọ̀. Ó wá pè mí. A jókòó sábẹ́ igi lọ́sàn-án yẹn, ó sì mú rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ kan tó ti gbó, ó bẹ̀rẹ̀ sí gé e. Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ kò rí róbótó, ó jù ú nù. Mo mú un, mo so ó mọ́ etí ìró mi. Ó gé mẹ́rin mìíràn, mo dán wọn, ó fi wọ́n sí i. Ó gbé mọ́tò náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn, ó tì í. Ó yí lórí sìmẹ́ǹtì láìpariwo, ó dúró.

Mo bi í pé kí ló dé tí ó fi ẹsẹ̀ sí i báyìí.

Ó ní: "Ọ̀nà Kétu jìn. Ṣé kó máa rákò lọ bá wọn ni?"

Láàárọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Bàbá Kétu. "Ẹ kọ ojú rẹ̀ sílé" ni gbogbo ohun tó sọ. Òun àti ìyá rẹ̀ bá a lọ. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ti fá orí wọn, ìyá rẹ̀ wọ dúdú, àwọn obìnrin ọgbà wa sì sun ẹkún tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pa á mọ́.

Àlá náà fi Bàbá Kétu sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ Àyìndé ló gbà lọ. Ìdí kànga ló ti sọ ọ́ fún mi, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ iléèwé. Ó ní bàbá òun wọlé wá, ara rẹ̀ gbẹ, ó rẹ́rìn-ín, ó ti ọwọ́ bọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì, ó la àtẹ́lẹwọ́. Ẹsẹ̀ mọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀. Ó wá bi òun pé: "Ta ló fi ẹsẹ̀ sí i? Ṣebí mo ní kí o dúró dè mí?"

Mo sọ fún un pé àlá lásán ni. Ó ní òun mọ̀. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ike mọ́, àní nígbà tí bàbá mi ra páálí mìíràn bọ̀ fún un láti Ganhi. Nígbà tó di géńdé, ó wọkọ̀ lọ sí Àbíjáǹ. Ó ní òun kàn fẹ́ lọ béèrè ni. Kò padà wá.

Akpakpa ti di ilé alájà báyìí, iyanrìn ti wọ abẹ́ ọ̀dà. Ẹni tó bá lọ sí ìdálẹ̀ lónìí, ẹ ó ti rí ojú rẹ̀ nínú fóònù kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ó tún máa ráhùn pé kò pè. Ṣùgbọ́n ará Kétu kò gbàgbé bí a ṣe ń sin ẹni tí kò dé. Nígbà tí Ìyá Àyìndé ti di arúgbó, àwọn ọmọ Bàbá Kétu wá. Wọ́n ní Àyìndé ń dúró nínú òjò, wọ́n sì ń wá ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó ní òun kò ní nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó fà mí mọ́ra: "Ọmọ mi, bí ohun kan bá wà lọ́dọ̀ rẹ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe, má fi han ẹnikẹ́ni."

Mo ní kò sí, Màmá.

Obìnrin náà ti lọ sinmi. Ẹsẹ̀ mọ́tò tí kò rí róbótó wà nínú àpótí mi, lábẹ́ àwọn aṣọ tí n kò wọ̀ mọ́. Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí nígbà mìíràn, pàápàá bí òjò bá ń rọ̀. Bí mo bá kú, àwọn ọmọ mi á rò pé èérún rọ́bà ni, wọ́n á gbá a mọ́ pàǹtí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Ẹnikẹ́ni kò ní í rí Àyìndé sin.