Gílóòbù Kú, Iná Wà Níbẹ̀

Ẹ̀rù iná mànàmáná ń bà mí. Mo kúkú sọ ọ́ fúnra mi, kí ẹnikẹ́ni má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn. Mo ti gba oyè kan ní yunifásítì, mo ń ka ìkejì lọ, iṣẹ́ iná gan-an ni mò ń kọ́, síbẹ̀ tí mo bá fẹ́ ki ṣájà fóònù sára ògiri, àyà mi á kọ́kọ́ já ná. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a máa fi mí rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ jàre. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá.

Bàbá mi ló fa wáyà iná sí ọ̀pọ̀ ilé ládùúgbò wa ní Òkèrèwè. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo ṣì wà nílé ìwé girama, wọ́n mú iná lọ, bàbá mi sì gbé àkàbà lọ sídìí òpó láti tún wáyà tó wọ ilé wa ṣe. Ó ti tú wáyà náà kúrò lára òpó nígbà tó pariwo látòkè pé, “Ẹ bá mi wo gílóòbù o, ṣé wọn ò tíì mú iná dé?” Màmá mi yọjú wo inú yàrá, ó ní, “Kò tíì dé o!” Òótọ́ ló sọ. Gílóòbù wa ò lè tàn mọ́, wáyà wa kò sí lára òpó. Ṣùgbọ́n aládùúgbò kan ti tan jẹnẹrétọ̀ láì kọ́kọ́ gé ilé tirẹ̀ kúrò lára òpó, iná sì ti gba wáyà padà sórí òpó tí bàbá mi wà. Iná gbé bàbá mi lulẹ̀, kò sì dìde mọ́. Nígbà tí a gbé e, fóònù kékeré tó wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀ kò fọ́, ó ń dún, ẹnìkan ń pè é pé kó wá ṣiṣẹ́. Inú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ màmá mi ni fóònù náà wà títí dòní.

Bóyá ohun tó gbé mi dédìí iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn. Oje kan wà tí wọ́n ń pè ní líkúìdì kírísítálì. Ó ń ṣàn bí omi, ṣùgbọ́n àwọn hóró inú rẹ̀ jọ ń kọjú síbì kan náà, bí èrò yídì ṣe ń kọjú sí gábàsì. Bí iná bá dé ìtòsí wọn, wọn á jọ yíjú, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń gba àárín wọn kọjá á sì yí padà. Òun ló ń jẹ́ kí a rí nọ́ńbà lójú kakulétọ̀ àti lójú fóònù kékeré. Tiwa wà nínú ike pẹlẹbẹ kan tí kò ju èékánná lọ, tí ojú ọ̀nà tín-ínrín bí irun wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò máa fi irú ike bẹ́ẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Tẹ́sítà kankan ò lè wọ ibẹ̀, oje yẹn la fi ń mọ ibi tí iná wà àti bó ṣe le tó.

Àpótí irin kan ló ń gbé iná fún ike náà, iná tó le ju ti ara ògiri lọ fíìfíì. Mi ò bẹ̀rù ohunkóhun láyé tó àpótí yẹn. Máíkírósíkóòpù tí a fi ń wo ike ní tirẹ̀, ti àtijọ́ ni, dígí abẹ́ rẹ̀ ń gba oòrùn lójú fèrèsé. Ẹ ṣáà mọ iná ìlú wa.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, ooru mú gan-an lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá mi, Prof., ará Ẹdẹ, tó tó bí mi lọ́mọ, rí i pé eku ti jẹ ara wáyà tó ti inú àpótí jáde, bàbà inú rẹ̀ ti hàn síta. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án, pé ká má dá iṣẹ́ dúró, tí wọ́n bá ti mú iná lọ, àwa á fi téèpù wé e. Mo ń wo oje lọ nínú máíkírósíkóòpù. Iná wà lára rẹ̀, ó pupa; bí iná bá kúrò, àwọ̀ ewé ni.

Fáànù dúró. Gílóòbù kú. Àwọn ará yàrá kejì pòṣé pé wọ́n tún ti mú un lọ. Gbogbo wa nílùú yìí, ojú fáànù àti gílóòbù la fi ń mọ̀. Prof. rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àlùhámúdúlílàhì, iná ti lọ,” ó sì mú téèpù.

Ojú mi ò kúrò lórí oje. Ó yẹ kó ti padà di àwọ̀ ewé lójú ẹsẹ̀. Kò padà. Pupa ló ṣì pupa. Mo ní bóyá ooru ló bà á jẹ́, bóyá ojú mi ni. Ta ni èmi tí màá sọ fún Prof. pé iná kò tíì lọ? Mo gbójú sókè, ọwọ́ rẹ̀ ti ń sún mọ́ wáyà.

Ni mo bá gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Èmi, ọmọ kékeré, mo gbá ọwọ́ àgbàlagbà! Téèpù fò lọ sábẹ́ tábìlì.

“Ṣé orí ẹ pé?” ló bi mí.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wò ó. Ẹ wo oje.” Mo ti ń sunkún.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Ó wá ń fojú tọ wáyà àpótí lọ sábẹ́ tábìlì. Àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì ti ki wáyà náà sí ojú iná tuntun láì sọ fún wa, ti bátìrì ńlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá kí iṣẹ́ má bàa dúró. Bátìrì yẹn ń gbé iná fún orí tábìlì, kì í gbé e fún fáànù tàbí gílóòbù. Ó fà á yọ. Èmi ni mo wà lójú máíkírósíkóòpù: pupa lọ, àwọ̀ ewé padà.

“Súbúhànàlláhì,” ni Prof. wí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní kí n máa lọ sílé.

Màmá mi wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tí mo dé. Ó rí ojú mi, ó ní kí ló dé. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò dúpẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí pẹ́dà.

“Nǹkan tó ń rí iná yẹn,” ló wí, “ṣé ó ti wà láyé lọ́jọ́ tí bàbá rẹ ní kí n wo gílóòbù?”

Ẹ̀rù ìbéèrè yẹn bà mí ju ti àpótí lọ. Ǹ bá purọ́.

“Ó ti wà, Màmá.”

“Níbo ló wà?”

“Nínú fóònù Bàbá.”

Ó fa dúrọ́ọ̀, ó mú fóònù náà jáde, ó fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, kò tàn. Ó tún tẹ̀ ẹ́.