Alága Ẹgbẹ́ Oníwẹ́ẹ̀bù

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Alága, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó dìbò fún un. Òun ló dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ìkànnì ayélujára sílẹ̀ ládùúgbò wọn, òun ló ń pe ìpàdé, òun náà ló ń ra bisikíìtì. Lọ́jọ́ tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yá lórí kọ̀ǹpútà bí ẹnu adìẹ lórí àgbàdo. Ọdún mẹ́fà ti kọjá lórí ìyẹn. Ní báyìí, lẹ́tà ìkésíni ló ń kọ, ètò ìpàdé ló ń tò, ó ń bẹ àwọn olùbánisọ̀rọ̀ kí wọ́n wá, ó sì ń bẹ àwọn tí olùbánisọ̀rọ̀ bá ti bú. Níbi iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀, ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ẹ̀rọ tó ń fa omi, òun ni wọ́n máa ń pè bí ìwé bá há sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, Alága ni, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ pé kì í ṣe òun.

Òkè ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, ni wọ́n ti ń ṣèpàdé. Ẹ̀gbọ́n á ti ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á palẹ̀ tábìlì ìgéṣọ mọ́, wọ́n á sì ta aṣọ funfun kan mọ́ ògiri kí àwòrán lè máa hàn lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kì í kúrò nínú yàrá. Ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí, á máa ṣẹ́tí aṣọ, á sì máa tẹ́tí.

Ohun tó máa ń yà á lẹ́nu ni ikú. Kò sí ìpàdé tí ẹnì kan kì í dìde kéde pé irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìkànnì lóṣù tó kọjá ti kú.

"Kí ló pa á?" ni Ẹ̀gbọ́n béèrè lọ́jọ́ kan.

"Nǹkan kan ò pa á, mà," ni ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ níwájú dá a lóhùn. Onígíláàsì ni wọ́n ń pè é, nítorí gíláàsì ojú rẹ̀ tó fẹ̀ bíi fèrèsé. "Tuntun ló dé."

"Èyí tẹ́ ẹ sọ lóṣù tó kọjá pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ńkọ́?"

"Òun náà ló kú, mà."

Ẹ̀gbọ́n ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, ó sì ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Nígbà tí ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ yí, ó pe Alága sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àbúrò mi, ẹ bá mi ṣe ìkànnì kan. Kí àwòrán aṣọ tí mo rán wà níbẹ̀, kí nọ́ńbà fóònù mi wà níbẹ̀, kí wọ́n mọ ìgbà tí mo ń ṣílẹ̀kùn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Inú Alága dùn. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ á jọ ṣe. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ìpàdé, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje. Alága ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, wọ́n tún pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ fi jiyàn lórí irinṣẹ́ tí wọ́n máa lò. Onígíláàsì ní bí wọn ò bá lo tòun, ìkànnì náà ò ní lè gba mílíọ̀nù èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan bi í pé mílíọ̀nù èèyàn wo ló fẹ́ rán ṣòkòtò lẹ́ẹ̀kan náà. Inú bí Onígíláàsì débi pé ó dá gúrúùpù tirẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, ó sì kó èèyàn mọ́kànlá lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Alága fi pẹ̀tù sí aáwọ̀ yẹn. Nígbà tí oṣù kẹjọ fi máa pé, wọ́n ti ya àmì ìdánimọ̀, wọ́n ti kọ òfin ìwà ọmọlúàbí olójú ewé mẹ́rìnlá, wọ́n sì ti ṣe ibi tí oníbàárà á ti kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, kó yan ọ̀rọ̀ ìwọlé tó ní lẹ́tà ńlá, nọ́ńbà àti àmì ìyanu nínú, kó tó lè wo aṣọ. Aṣọ kankan ò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà Ẹ̀gbọ́n náà ò sí níbẹ̀.

"Ibo lẹ bá a dé?" ni Ẹ̀gbọ́n bi í.

"Ìpìlẹ̀ la ṣì wà, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ilé alájà mélòó lẹ ń kọ́?"

Obìnrin kan wà tó máa ń wá sípàdé, tó jẹ́ pé ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló ń jókòó sí. Akọ̀wé ni níbi tí wọ́n ti ń ta sìmẹ́ńtì, Akọ̀wé náà sì ni wọ́n ń pè é. Ọdún méjì ló ti ń wá, kò lanu sọ̀rọ̀ rí, àfi lọ́jọ́ tó ní kí ẹni tó wà níwájú òun jọ̀ọ́ tẹ orí sílẹ̀ díẹ̀. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, ó mú síkẹ́ẹ̀tì wá fún àtúnṣe, ó ní òun á dúró gbà á. Bí Ẹ̀gbọ́n ṣe ń tú ojú rírán ni wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, ọ̀rọ̀ sì kan ìkànnì. Akọ̀wé ò sọ púpọ̀. Ó ní kí Ẹ̀gbọ́n fi aṣọ bíi mélòó kan kọ́ sára ògiri, ó fi fóònù yà wọ́n, ó sì ṣí kọ̀ǹpútà lórí itan. Kí Ẹ̀gbọ́n tó lọ síkẹ́ẹ̀tì náà tán, àwòrán mẹ́fà, nọ́ńbà fóònù àti wákàtí ìṣílẹ̀kùn ti wà lórí ayélujára.

"Ó tán?"

"Ó tán, mà. Bẹ́ ẹ bá rán tuntun, ẹ fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi."

Sátidé ìpàdé dé, Alága ń ka àbọ̀ ìgbìmọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ìyá kan gun àtẹ̀gùn wá, ó na fóònù síwájú, ó ní ṣé ibí ni wọ́n ti rán aṣọ aláwọ̀ ewé yìí. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n sọ ẹni tó ṣe é, Akọ̀wé sì ń wo bàtà ara rẹ̀. Onígíláàsì yẹ inú rẹ̀ wò, ó mi orí, ó ní kò sí irinṣẹ́ ìgbàlódé kankan níbẹ̀.

"Èmi ò wá irinṣẹ́," ni ìyá náà sọ. "Aṣọ ni mo wá."

Ẹ̀gbọ́n gbé téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn, ó sì mú un sọ̀kalẹ̀.

Ohun tó yẹ kí Alága ṣe lọ́jọ́ náà ni kó dúpẹ́ lọ́wọ́ Akọ̀wé. Kò ṣe é. Àwọn kan ti pè é sí àpérò ńlá ní òtẹ́ẹ̀lì, kó wá sọ bí ẹgbẹ́ ṣe ń gbé oníṣòwò kéékèèké ga, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣófo. Ó mú ìkànnì Ẹ̀gbọ́n, ó kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé: "Ohun tí ẹgbẹ́ wa gbé ṣe." Ó ń tan ara rẹ̀ pé kì í ṣe irọ́. Ṣé ọmọ ẹgbẹ́ kọ́ ni Akọ̀wé ni?

Lọ́jọ́ àpérò, ó jẹ́ kí ìkànnì náà hàn gàdàgbà lára ògiri, ó sì to ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni to ẹyin. "A jókòó, a rò ó, a gbé e kalẹ̀." Igba èèyàn pàtẹ́wọ́, orí rẹ̀ wú. Nígbà tí ìbéèrè kàn, obìnrin kan tó wọ kóòtù dìde níwájú.

"Mo ti ń pe nọ́ńbà tó wà lára ògiri yẹn," ló wí, ó sì gbé fóònù sẹ́nu gbohùngbohùn. "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ lẹ́nu oníṣòwò fúnra rẹ̀."

"Ẹ káàsán o," ni ohùn Ẹ̀gbọ́n wí, ó gba gbogbo gbọ̀ngàn. "Aṣọ wo lẹ fẹ́?"

"Ẹ káàsán, mà. Lára ògiri níbi àpérò la ti rí nọ́ńbà yín. Ẹgbẹ́ tó ṣe ìkànnì yín la fẹ́ mọ̀ nípa wọn."

"Ẹgbẹ́? Wọn ò tíì ṣe tiwọn tán. Àbúrò mi lalága wọn, èèyàn dáadáa ni, ọ̀rọ̀ ló pọ̀ lẹ́nu wọn. Akọ̀wé kan níbi tí wọ́n ti ń ta sìmẹ́ńtì ló ṣe eléyìí nígbà tó ń dúró de síkẹ́ẹ̀tì. Ṣé tọkùnrin lẹ fẹ́ ni, àbí tobìnrin?"

Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Alága wá ibi tó máa fojú sí, kò rí. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó sún mọ́ gbohùngbohùn.

"Òótọ́ ni wọ́n sọ," ló wí. "Mi ò mọ nǹkan kan nínú rẹ̀." Ó sì lọ jókòó. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ló dé ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dójú tì mí."

"Èmi? Wọ́n bi mí léèrè, mo dáhùn. Ta ló kọ nọ́ńbà mi sára ògiri?"

Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ síbi tí wọ́n ti ń ta sìmẹ́ńtì. Akọ̀wé ń bá awakọ̀ kan tó já ẹrù síbi tí kò yẹ fa ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ó dúró títí wọ́n fi parí rẹ̀, eruku bo bàtà rẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì láìfi ọ̀rọ̀ gígùn kún un.

"Ẹ gbàgbé ẹ̀, sà," ni Akọ̀wé wí.

"Ó yẹ kó o bá wa sọ̀rọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀."

"Mi ò lọ́rọ̀ láti sọ. Ṣùgbọ́n bàbá tó ń tún bàtà ṣe lódìkejì ọ̀nà ní òun náà fẹ́ ìkànnì. Bẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ wá jókòó tì mí, ká jọ ṣe é."

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Alága ò pe olùbánisọ̀rọ̀ kankan, ìkànnì bàbá náà ni wọ́n fẹ́ jọ ṣe. Èèyàn mọ́kàndínlógún ló wá, bàbá náà sì wà níbẹ̀. Onígíláàsì wá, ó ń kùn, ṣùgbọ́n òun ló ya àwòrán àwọn bàtà. Alága jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ìka rẹ̀ le bí igi. Lẹ́ẹ̀mejì ló ṣi kóòdù kọ, tí gbogbo bàtà bàbá wọ́ jọ sí igun kan. Akọ̀wé á fi ìdí bírò tọ́ka síbi tó ti ṣì í, Alága á sì tún un kọ.

Bàbá oníbàtà ní kí wọ́n jẹ́ kí àwòrán bàtà òun tóbi díẹ̀ sí i. Alága sọ ọ́ di ńlá, ó ga ju aṣọ funfun ara ògiri lọ. Ó dín in kù, ó kéré jù. Nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá náà wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.