Sítíkà Tí Mo Fi Bo Iná Pupa Ọkọ̀ Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ súnmọ́ ibí, kí n fi ẹnu ara mi ròyìn ara mi kí ẹlòmíràn tó bá mi ròyìn rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé tíṣà ni mí ní Ayédé-Èkìtì níbí, físíìsì ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ fi iṣẹ́ yẹn sọ́kàn, torí òun gan-an ni wọ́n fi ń ṣe mí yẹ̀yẹ́ títí di òní.

Ọkọ̀ mi ti dàgbà. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn kí n tó rà á, èmi náà sì ti lò ó títí ọmọ mi àkọ́kọ́ fi wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ìyàwó mi ní mo fẹ́ràn rẹ̀ ju òun lọ. Mi ò tíì rí èsì tó bójú mu fún un.

Ní bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, iná pupa kékeré kan tó ní àwòrán bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Kí lèmi ṣe? Àwòrán bátìrì ni mo rí, mo lọ ra bátìrì tuntun. Iná náà ò kú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọkọ̀ ń sítáàtì láràárọ̀, ó ń gbé mi dé ibi tí mo bá ń lọ.

Gbogbo ẹni tí mo bá gbé ló ń bi mí pé kí ni pupa yẹn. Ó sú mi. Nígbà tó di Jímọ̀ kan, wọ́n pín sítíkà fún wa ní mọ́sálásí, wọ́n kọ "Ọlọ́run ni Aláàbò Wa" sí i. Mo wá ibi tí mo máa lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ṣé mo tún ní láti sọ ibẹ̀ fún yín? Ó bo iná náà dáadáa, ọkàn mi sì balẹ̀.

Màmá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, nìkan ni kò dákẹ́. Nǹkan funfun ti bo ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì. Kò lè kàwé mọ́, bẹ́ẹ̀ ìwé kíkà ni ayé rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò tíì rí ojú Àmínà, ọmọ mi tó kéré jù, rí. Ọwọ́ ló fi máa ń wá imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kiri. Àmọ́ etí màmá mi pé. Láràárọ̀ tí mo bá ti sítáàtì ọkọ̀, á bi mí pé kí ló ń ké nínú rẹ̀.

Lóòótọ́, ọkọ̀ náà máa ń ké díẹ̀, bí ọmọ ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù. Mo ní bí ọkọ̀ àgbà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Mo tiẹ̀ bá a sọ físíìsì díẹ̀, kó lè fi mí sílẹ̀.

"Uṣẹ́ rẹ ni, mi ò mọ̀ ọ́n," ló sọ. "Àmọ́ ó ń ké."

Nígbà tó yá, wọ́n fún un lọ́jọ́ tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú kan nílé ìwòsàn ní Ìdó. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti lọ rí tí wọ́n dá wa padà torí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga jù. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ti sọ fún wa pé tí a bá pàdánù ọjọ́ náà, orúkọ rẹ̀ á lọ sí ìsàlẹ̀ ìwé, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa tún kàn án.

Òjò ló jí wa lọ́jọ́ náà. Mo tan iná iwájú, mo tan wáípà. Ọkọ̀ náà ké pẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Màmá ní, "Ó ti tún ń ké o." Mo yí rédíò sókè.

Kí a tó wọ Òyè, rédíò dákẹ́ fúnra rẹ̀. Wáípà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Mo tẹ fèrè, ó dún bí ewúrẹ́ tí òtútù mú. Níbi tí ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, ọkọ̀ kú pátápátá.

Màmá rọra bi mí pé, "Ṣé a ti dé Ìdó ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè yẹn dùn mí dé egungun. Mi ò lè gbé e sórí ọ̀kadà nínú òjò pẹ̀lú ojú tí kò ríran. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé èmi ọmọ rẹ̀ ni màá gba ojú náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ará àdúgbò ní kí n sáré pe Bàbá Sàkà, ríwáyà àgbàlagbà kan tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe nítòsí ibẹ̀. Ó dé pẹ̀lú agbòjò, mítà tí wọ́n fi ń wọn agbára iná, àti bátìrì kan. Ó bi mí bóyá ọkọ̀ náà ti tan iná ìkìlọ̀ kankan. Mo ní rárá. Bẹ́ẹ̀ ni o, èmi tíṣà ni mo purọ́.

Màmá dá sí i láti inú ọkọ̀: "Ó ń ké láràárọ̀ o."

Bàbá fi wáyà so bátìrì tirẹ̀ mọ́ tiwa, ó ní kí n sítáàtì. Ó ti orí bọ inú ọkọ̀, ó rí i tí pupa ń yọ létí sítíkà. Ó rọra ṣí i kúrò, ó kà á sókè, ó wá wò mí.

"Tíṣà, Ọlọ́run tó ń dáàbò bò ọ́ ló tan iná fún ọ. O wá fi orúkọ rẹ̀ bò ó."

Màmá mi rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ náà.

Bàbá fi mítà wò ó, kò sóhun tó ṣe bátìrì. Ohun tí iná yẹn ń sọ ni pé agbára ò wọ inú bátìrì mọ́. Bẹ́líìtì tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì lágbára ló ti dẹ̀, ó ń yọ̀ lórí ibi tó yẹ kó ti dì mú, igbe rẹ̀ sì ni màmá mi ń gbọ́. Wáípà àti iná iwájú wá jẹ gbogbo ohun tó kù nínú bátìrì tuntun tán. Mo ti ya àwòrán nǹkan yìí sára bọ́ọ̀dù fáwọn ọmọ, àìmọye ìgbà.

Bàbá ní kí n pa ẹ́ńjìnnì, ó fi sípánà fa bẹ́líìtì náà le, ó ní kí n tún fi bátìrì tirẹ̀ sítáàtì. Nọ́ńbà tó ti dúró sí méjìlá lórí mítà gòkè dé bíi mẹ́rìnlá. Iná pupa kú. Igbe náà dákẹ́. Ó ní kí n máa lọ tààrà, kí n má pa ẹ́ńjìnnì títí a ó fi dé, tí mo bá ń bọ̀ kí n wá pààrọ̀ bẹ́líìtì.

Wọ́n ti pe orúkọ màmá mi kí a tó dé Ìdó. Àmọ́ nọ́ọ̀sì kan rántí ìyá tí wọ́n ti dá padà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti bá a fi orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn gbogbo àwọn tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́jọ́ náà. Alihamudulilahi.

Lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n ṣí báńdéèjì ojú rẹ̀. Ìyàwó mi ti wọkọ̀ wá bá wa, ó gbé Àmínà dání. Màmá na ọwọ́ sí ojú ọmọ náà bó ṣe máa ń ṣe, ó wá rántí, ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Ó kàn ń wò ó. Omi bọ́ lójú mi, mi ò purọ́ èyí.

"Ó jọ ọ́," ló sọ fún mi. "Àmọ́ etí rẹ̀ á ju tìrẹ lọ, Inṣálláhù."

Nígbà tí a wọ ọkọ̀, ó ní kí n fi uná pupa náà han òun. Mo yí kọ́kọ́rọ́, iná náà tàn; bí ẹ́ńjìnnì ṣe dìde, iná náà kú. Màmá mi kò gbé ojú kúrò níbi tó ti tàn títí a fi délé.

Ẹ̀kọ́ tèmi ò pọ̀. Bí ọkọ̀ yín bá ń sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbédè rẹ̀ wá gbọ́, kó fi mítà wò ó kí ẹ tó ra ohunkóhun. Sítíkà náà ti wà lára gíláàsì ẹ̀yìn báyìí, kò dí ẹnikẹ́ni lójú.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ìkìlọ̀ wo lẹ ti wá nǹkan fi bò rí, tí ìyá yín sì gbọ́? Ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ dákun ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà. Màmá mi fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ kà á.