Òróró Lórí Ọkọ̀ Pupa

Bí pásítọ̀ wa bá ti ṣí ìgò òróró ólífì, ọkọ̀ pupa kan ni mo máa ń rántí. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni, òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn, irú rẹ̀ ò wọ́pọ̀ ní Dublin. Ó pẹ́ tí bàbá mi ti ń tún un ṣe lẹ́yìn ilé wa ní Clondalkin. Mo fẹ́ràn òórùn awọ ìjókòó rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òyìnbó kan wá láti ìlú Rush, ó rà á. Kí bàbá mi tó fún un ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n da òróró sọ́wọ́, wọ́n fi pa bọ́nẹ́ẹ̀tì. Òyìnbó náà lóṣòó, ó wo abẹ́ ọkọ̀.

"Ṣé ó ń jò ni?"

"Rárá, sà. Mo ń gbàdúrà kó gbé yín délé láyọ̀ ni."

Ó ṣí fìlà rẹ̀. "Grand," ló wí, bí wọ́n ṣe ń sọ pé ó dáa níbẹ̀, ó sì dúró títí a fi ṣe àmín.

Nígbà tó wà á lọ tán, bàbá mi fi òróró tó kù lọ́wọ́ wọn pa mí lórí. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì bi wọ́n pé ṣé ọkọ̀ náà máa padà wá.

"Ìyá ẹ ló máa wá," ni wọ́n wí.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé owó ọkọ̀ yẹn ni wọ́n fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú tí ìyá mi fi wá bá wa láti Ìbàdàn. Nígbà yẹn, ojoojúmọ́ ni mò ń dúró lójú fèrèsé, tí mò ń retí ọkọ̀ pupa tó máa gbé wọn wá.